Ohun tí olùtọ́jú ìhùwàsí ń kọ́ òbí nípa bíbá ọmọ wí

Ìbéèrè: “Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 5. Bí mo bá ní kí ó ṣe nǹkan, ó di ìgbà tí mo bá pariwo tàbí tí mo bá mú ẹgba kí ó tó dìde. Dókítà rẹ̀ ní kí n lọ rí olùtọ́jú ìhùwàsí, kí wọ́n lè kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo lè máa gbà bá a wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n ní n kò mọ ọmọ tọ́. Kí ni olùtọ́jú fẹ́ kọ́ mi tí n kò mọ̀? Bí wọ́n bá sì gba ẹgba lọ́wọ́ mi, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún mi?”

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó sì dúró sí mi lọ́kàn jù lọ ni pé ohun tí dókítà sọ dùn yín, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi náà jẹ́ olùtọ́jú ìhùwàsí, ìyẹn ẹni tó ń ran ọmọ àti òbí lọ́wọ́ láti yí ìwà padà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn òbí tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni àwọn tí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ń jẹ lọ́kàn. Ẹni tí kò bìkítà kì í wá. Ìdí tí a fi ń pe òbí sí ẹ̀kọ́ yìí rọrùn láti ṣàlàyé. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí olùtọ́jú bá tilẹ̀ ń rí ọmọ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wákàtí 1 péré ni ti rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá kọ̀ tí kò fẹ́ wẹ̀, nígbà tí ó bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ mìíràn, àti nígbà tí oorun ń kùn ún tí ó sì ń wá ìjà. Ẹni tó wà níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni ó yẹ kí a fi irinṣẹ́ lé lọ́wọ́.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí olùtọ́jú fẹ́ ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń di ìjà ojoojúmọ́. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Gerald Patterson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wọlé tọ àwọn ìdílé lọ, wọ́n jókòó sínú ilé pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń kọ ohun tí òbí ṣe àti ohun tí ọmọ fi dáhùn sílẹ̀ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tí wọ́n rí ni pé òbí àti ọmọ ń kọ́ ara wọn ní ìjà láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìyá ní kí ọmọ pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ dákẹ́. Ìyá tún un sọ, ọmọ ní ó ku díẹ̀. Ìyá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti ń le, ọmọ bú sẹ́kún, ó sì ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó ti rẹ ìyá, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì ṣe, ni ó bá ní, “Ó dáa, wò ó tán.” Ẹkún dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ti kọ́ pé ẹkún máa ń gba òun sílẹ̀, ìyá náà sì ti kọ́ pé bí òun bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ilé á rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá kò gbà mọ́. Ó jágbe, ó na ọwọ́ sí ẹgba, ọmọ sì fò dìde. Ìyá kọ́ pé igbe ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kọ́ pé ìpè àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta kò ní ìtumọ̀, àti pé ìkẹrin, èyí tó bá igbe wá, ni ìyá fi òótọ́ inú sọ.

Ẹ tún ka ohun tí ẹ kọ sí mi: ó di ìgbà tí ẹ bá pariwo kí ó tó dìde. Ọmọ yín ń gbọ́ yín dáadáa láti ìpè àkọ́kọ́. Ó kàn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ó sì ń dúró dè. Ohun tí a kọ́ ni, a sì lè kọ́ òmíràn dípò rẹ̀. Èyí ni ó ń fún mi ní ìrètí lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, kódà nígbà tí òbí fúnra rẹ̀ kò ní ìrètí mọ́.

Ìpàdé àkọ́kọ́ àti ìkejì sábà máa ń jẹ́ ti ìbéèrè. Olùtọ́jú yóò béèrè bí ọmọ ṣe ń sùn, bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa, bóyá ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, àti bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i tó dẹ́rù bà á. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò já geere lè dà bí olóríkunkun lójú ẹni tí kò mọ̀. Yóò béèrè nípa ẹ̀yin náà: ṣé ẹ ń sùn, ṣé ọkàn yín balẹ̀, ta ni ó ń ràn yín lọ́wọ́ nínú ilé? Ẹ má ṣe fi èyí pamọ́ fún un, nítorí òbí tí ìbànújẹ́ tàbí àárẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ kò ní lè ṣe ohun tí a bá kọ́ ọ, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ nígbàkígbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀: ohun tó ṣáájú rẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ òbí tó sọ fún mi pé ọmọ àwọn ń ṣe oríkunkun láti àárọ̀ dé alẹ́ ni ẹnu máa ń yà nígbà tí ìwé náà bá fi hàn pé ìgbà méjì péré lójúmọ́ ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀, lórí ohun kan náà.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Nínú ìtọ́jú tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ òsì ni ó ń ṣíwájú. Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ mìíràn, Constance Hanf, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Oregon, pín ẹ̀kọ́ òbí sí ìpele méjì: òbí yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń bá ọmọ ṣeré, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ́ bí a ti ń pàṣẹ. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Sheila Eyberg gbé e síwájú ní àwọn ọdún 1970, ó sì di ìtọ́jú tí a ń lò fún àwọn ọmọ ọdún 2 sí ọdún 7 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Inú máa ń bí àwọn òbí kan nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé eré ni a fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á ní, “Ọmọ tó ń gbá mi lẹ́sẹ̀, ẹ ní kí n lọ bá a ṣeré?” Mo gbà pé ó le láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé igbe nìkan ni ó ń gbọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀ kò ní ohun kan tí ó ń bẹ̀rù láti pàdánù, ìbáwí tí kò sì mú nǹkan dídùn kankan dúró kò lè fọwọ́ kan ọmọ.

Eré náà jẹ́ ti ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́. Ọmọ ni ó ń darí rẹ̀. Òbí yóò máa yìn ín, yóò máa tún ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ sọ, yóò máa sọ ohun tí ọwọ́ ọmọ ń ṣe, yóò máa ṣe bí ọmọ ti ń ṣe, yóò sì jẹ́ kí ó hàn lójú òun pé òun ń gbádùn rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú 5 yẹn, kò sí àṣẹ, kò sí ìbéèrè, kò sì sí àtúnṣe. Ó dà bí ohun tó rọrùn títí ẹ ó fi dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú yàrá tí a ti ń ṣe ìtọ́jú náà. Ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin ọdún 4, búlọ́ọ̀kù ìṣeré wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní etí ìyá, èmi sì wà lẹ́yìn dígí tí mo ń gbà rí wọn láìjẹ́ pé wọ́n rí mi. Ọmọ gbé búlọ́ọ̀kù pupa kan lé orí òmíràn. Ìyá ní, “Àwọ̀ wo nìyẹn?” Ọmọ kò dáhùn. Ìyá ní, “Ṣé o ò fẹ́ gbé aláwọ̀ ewé síbẹ̀ ni?” Ọmọ yí ẹ̀yìn sí i. Mo sọ sínú ẹ̀rọ náà pé, “Ẹ kàn sọ ohun tí ó ń ṣe.” Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “O gbé pupa lé orí pupa.” Ọmọ wo ojú rẹ̀. Ìyá ní, “O ń rọra tò ó kí ó má bàa wó. Mo fẹ́ràn bí o ṣe ń ní sùúrù.” Ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó sì gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá náà kò tíì mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ìbéèrè ni ó kún ẹnu òun, àti pé ìdánwò ni ìbéèrè máa ń jẹ́ fún ọmọ kékeré bí kò bá tíì fẹ́ sọ̀rọ̀.

Iye kan wà tí òbí gbọ́dọ̀ dé kí a tó kọjá sí ìpele kejì: láàárín ìṣẹ́jú 5, ìyìn 10 tó dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe, ọ̀rọ̀ ọmọ tí òbí tún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, gbólóhùn 10 tó ń sọ ohun tí ọmọ ń ṣe, kí ìbéèrè, àṣẹ àti àríwísí lápapọ̀ má sì ju 3 lọ. Ìyìn tó dárúkọ nǹkan ni mo wí. “Ọmọ dáadáa ni ọ́” kò sọ fún ọmọ ohun tí ó yẹ kí ó tún ṣe lọ́la, ṣùgbọ́n “O ṣeun tí o gbé ife náà padà sí àyè rẹ̀” sọ ọ́ kedere. Ìṣẹ́jú 5 yìí kò gbọdọ̀ di ohun tí ẹ ń fi dù ú nítorí pé ó ṣẹ̀ yín lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí ó bá ṣẹ̀ yín jù ni ó nílò rẹ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ pípa dé, ibi tí ìbéèrè yín wà gan-an. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwa òbí ń pè ní àṣẹ kì í ṣe àṣẹ. “Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?” jẹ́ ìráhùn. “Ṣé o ò ní kó ìwé yẹn ni?” jẹ́ ìbéèrè, ọmọ sì lè dáhùn pé rárá. “Máa hùwà bí ọmọ gidi” kò sọ ohun tí kí ó ṣe. Olùtọ́jú yóò kọ́ yín láti sún mọ́ ọmọ, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ dúró kí ojú yín ó ṣe mẹ́rin, kí ẹ wá sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: “Jọ̀wọ́, kó àwọn ìwé rẹ sínú àpò.” Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ sì ka 5 nínú ọkàn yín. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó ń ṣòro jù fún àwọn òbí, nítorí ẹnu máa ń yún wa láti tún un sọ. Bí ó bá ṣe é, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ ń yìn ín fún. Ẹ má ṣe pa àṣẹ tí ẹ kò ráyè dúró tì. Àṣẹ 4 lójúmọ́ tí ẹ dúró tì títí wọ́n fi di ṣíṣe lérè ju 40 tí ó fò lọ sínú afẹ́fẹ́.

Bí kò bá ṣe é ńkọ́? Ìkìlọ̀ ẹyọ kan ni ó tẹ̀ lé e: “Bí o kò bá kó àwọn ìwé náà, wàá lọ jókòó lórí àga.” Ẹ tún ka 5. Bí kò bá ṣe é síbẹ̀, ẹ mú un lọ sí orí àga tí kò sí ohun ìṣeré tàbí tẹlifíṣọ̀n nítòsí rẹ̀, láìbú u, láìṣàlàyé. Ìṣẹ́jú 3 tó, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 5 tí ó dákẹ́ ní ìparí rẹ̀. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. A kì í ti ọmọ mọ́ inú yàrá òkùnkùn, a kì í sì í fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú ènìyàn. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ ó bi í bóyá ó ti ṣetán láti kó àwọn ìwé náà, àwọn ìwé náà ni yóò sì kó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nìyí. Bí ọmọ bá kúrò lórí àga tí iṣẹ́ sì ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, àga ti di ibi ìsásí. Olùtọ́jú kò ní rán yín lọ sílé láti lọ dán èyí wò fúnra yín. Ẹ ó kọ́kọ́ fi olùtọ́jú ṣe ọmọ, kí ẹ máa pàṣẹ fún un. A ó fi bèbí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ náà nígbà tí inú rẹ̀ dùn, kí ó lè mọ ohun tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ṣe é lójú olùtọ́jú, pẹ̀lú ẹ̀rọ ní etí yín.

Mo ní láti kìlọ̀ fún yín nípa ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìpele yìí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òbí ti máa ń sá. Ẹni tó ti mọ̀ pé bí òun bá tẹ bọ́tìnì kan, ilẹ̀kùn á ṣí, kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá ṣí. Á tẹ̀ ẹ́ léraléra, á fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ yín yóò ṣe nígbà tí ẹkún kò bá gba òun sílẹ̀ mọ́: ẹkún náà yóò pọ̀ sí i, yóò sì gùn sí i, kí ó tó rọlẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹkún dé góńgó, ẹ ti kọ́ ọ pé irú ẹkún yẹn gan-an ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń bọ̀ tàbí tí iṣẹ́ bo wọ́n mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì pe olùtọ́jú lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ náà bí ọkàn wọn bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì.

Ní ti ẹgba, n kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí méjì, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor, kó àwọn ìwádìí bíi 50 ọdún jọ lórí nínà ọmọ, tó kan àwọn ọmọ tó ju 160,000 lọ. Wọn kò rí i pé ó ń mú kí ọmọ gbọ́ràn sí i, ì báà ṣe lójú ẹsẹ̀ tàbí ní ọjọ́ iwájú. Ohun tí wọ́n rí tó bá a rìn ni ìjà jíjà, ìwà tí kò dára láwùjọ, ìdààmú ọkàn, àti àárín òbí àti ọmọ tí kò gún. Ẹnì kan lè sọ pé bóyá ọmọ tó le ni wọ́n ń nà jù, òótọ́ díẹ̀ sì lè wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí nínà bá wúlò ni, ó yẹ kí àǹfààní rẹ̀ ti yọjú níbì kan nínú gbogbo ìwádìí náà. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n má ṣe na ọmọ mọ́, orílẹ̀-èdè Sweden sì ti fi òfin dè é láti ọdún 1979. Èmi fúnra mi kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹgba. Mo máa ń fẹ́ kí nǹkan mìíràn ti wà lọ́wọ́ òbí ná, kí ó sì ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọmọ bá ti ń dìde ní ìpè àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ òbí ni ó máa ń sọ fún mi fúnra wọn pé àwọn kò rántí ìgbà tí àwọn mú ẹgba gbẹ̀yìn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà pàápàá: bá, wí. Wíwí ni ó wà nínú ìbáwí.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ó jẹ́ ti ọkàn òbí. Bí ọmọ bá kọ̀ láti ṣe ohun tí ẹ wí, kí ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn? Fún ọ̀pọ̀ òbí, ohun náà ni pé, “Ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.” Èrò yẹn ni ó ń gbé ọwọ́ sókè kí a tó mọ̀. Olùtọ́jú yóò bá yín wá èrò mìíràn tó sún mọ́ òótọ́ jù ú lọ, bíi “Ọmọ ọdún 5 ni, kò fẹ́ fi eré sílẹ̀,” yóò sì kọ́ yín láti mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bákan náà, bí ẹlòmíràn bá wà tí ẹ jọ ń tọ́ ọmọ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un dání. Ohun tí ìyá kọ̀ tí bàbá sì gbà ni ọmọ máa ń yára kọ́ jù lọ, n kò sì mọ ẹ̀kọ́ tó lè borí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń nílò ìpàdé 12 sí 20, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ọmọ bá ti ju ọdún 8 lọ, a kì í lo àga mọ́. Àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, àǹfààní tí ó lè rí gbà tàbí pàdánù, àti jíjókòó jọ yanjú ìṣòro ni a ń lò. Bí ìwà ọmọ bá jẹ mọ́ ìpayà tàbí ìyà kan tó ti jẹ, tàbí bí ó bá ní autism (ipò tí ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tó sì ń kan bí ó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń hùwà), olùtọ́jú yóò yí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí padà. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń sọ, tí kò wo yín pẹ̀lú ọmọ yín rí, tí kò fún yín ní ohun tí ẹ ó ṣe nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ìbéèrè náà tọ́ sí yín.

Kí ọjọ́ ìpàdé yín tó pé, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ìjà 3 sínú rẹ̀: ohun tó ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe rí, títí kan èyí tí ojú yóò tì yín láti kà. Ní alẹ́ òní, bí ẹ bá lè ráyè ìṣẹ́jú 5, ẹ pa fóònù yín, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ọmọ yín ti ń ṣeré, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe fún un.